Orúkọ Ẹni Tí Wọ́n Máa Pè Nítorí Murphy

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí sùúrù ọmọ ènìyàn parí sí, kó lọ fẹ́ obìnrin tó ní ajá kan àti ológbò kan, kó wá sọ fún un pé kí àwọn méjèèjì jọ rin ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́ta péré. Ojú onítọ̀hún á rí màbo. Ojú Reijo Lahtela rí màbo, ó sì tún rí èyí tó ju màbo lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n gbéra. Reijo ti ibi iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ dé sílé Colleen ní ìlú Thunder Bay. Ebi ń pa á, ìyẹ̀fun igi kún irun rẹ̀. Ó bá Colleen ní ìjókòó nílẹ̀ ilé ìdáná, tó to abọ́ ike kéékèèké mẹ́rìnlá kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ. Ó ń wọn oúnjẹ ajá sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ọjọ́ àti aago sára ìdérí wọn.

Reijo ka àwọn abọ́ náà. Ó tún wọn kà.

“Colleen, ọjọ́ mẹ́ta la fẹ́ lò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Murphy ń jẹun lójúmọ́. Mẹ́fà nìyẹn.”

“Mo mọ̀. Tí mọ́tò bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà ńkọ́? Tí omi bá gbé afárá lọ ńkọ́?”

“Afárá wo?”

“Èyíkéyìí.”

Reijo ṣí fíríìjì bóyá òun a rí nǹkan fi sẹ́nu. Wàràkàṣì ńlá kan wà níbẹ̀, àmọ́ Colleen ti lẹ bébà mọ́ ọn lára pé Murphy ló ni ín, inú rẹ̀ ni wọ́n ń fi oògùn rẹ̀ pa mọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Reijo pa fíríìjì dé. Ó jókòó sórí àga, ó ń wo obìnrin tó fẹ́ fi ṣe aya, ó sì ń bi orí ara rẹ̀ léèrè irú ìfẹ́ tó gbé òun dé ibi tí ajá ti ń jẹ wàràkàṣì tí òun ò gbọdọ̀ jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kò fẹ́ràn rẹ̀ o. Ìfẹ́ tó wà níbẹ̀ kò kéré, òun gan-an ló kó bá a.

Tuula, ẹ̀gbọ́n Reijo obìnrin, ló so wọ́n pọ̀. Irun ni Tuula ń gé fáwọn obìnrin, kò sì sí ọ̀rọ̀ ilé ẹnikẹ́ni tí kì í gbọ́ lórí àga iṣẹ́ rẹ̀. Colleen, tó ń gba àlejò ní ilé ìwòsàn àwọn oníṣègùn eyín, wá gé irun lọ́jọ́ kan ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó ń ṣàròyé pé ajá òun ń gba abẹ́ ọgbà sá jáde. Tuula ní òun ní àbúrò kan tó mọ ọgbà ṣe, tí kò níyàwó, tí kì í sì í mutí yó. Colleen ní ọgbà nìkan ni òun fẹ́. Tuula ní ó dáa, ọgbà ni yóò kọ́kọ́ wá ṣe.

Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni ọgbà náà, Reijo fi ọjọ́ márùn-ún ṣe é, nítorí gbogbo ìgbà tí obìnrin náà bá gbé kọfí jáde wá fún un ni òòlù ń tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó ra òdòdó lílì funfun, ó lọ kan ilẹ̀kùn. Colleen ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Bó ti rí òdòdó, ẹ̀rín náà parẹ́. Ó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sá jáde, ó lọ jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí aládùúgbò, ó padà wá fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

Ó wá ṣàlàyé pé òdòdó yẹn a máa pa ológbò. Tí Duchess, ológbò òun, bá fi ahọ́n kan ìyẹ̀fun ara òdòdó náà lásán, kíndìnrín rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó sì rí i pé ìyẹ̀fun náà ti kan ẹ̀wù Reijo, ó ní kó bọ́ ọ. Báyìí ni ọkùnrin náà ṣe wọlé àfẹ́sọ́nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó jókòó nílé ìdáná pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, tí ológbò kan jókòó lókè kọ́bọ́ọ̀dù tó ń wò ó bí ẹni wo gbèsè. Colleen wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó tíì bọ́ ẹ̀wù nítorí ológbò òun rí. Láti ìgbà náà ni ọkàn Reijo ò ti gbé ibòmíì mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì wọ̀ létí, ìyẹn Aune, ìyá Reijo.

Ìlú Sault ni Aune àti Eino ọkọ rẹ̀ ń gbé, ìrìn mọ́tò wákàtí mẹ́jọ létí adágún. Eino kì í sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a sọ tirẹ̀. Nígbà ọjọ́ Ìdúpẹ́ nínú oṣù Ọ̀wàrà, Aune ní kí ọmọ òun mú obìnrin náà wá kí òun fojú kàn án. Ó yan tòlótòló, ó ṣe búrẹ́dì tí wọ́n dì bí irun, èyí tí wọ́n máa ń jẹ pẹ̀lú kọfí nílé wọn. Colleen wá alágbàtọ́ kan tí yóò dúró ti àwọn ẹran náà. Alágbàtọ́ wá wo ilé, Duchess ge ìka rẹ̀ jẹ, obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ìrìn-àjò fọ́. Nígbà Kérésì, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gbéra, Murphy, tí wárápá ń bá jà, ṣubú lulẹ̀, ó ń jà pìtìpìtì. Ìrìn-àjò tún fọ́. Aune kó búrẹ́dì rẹ̀ fún ẹyẹ jẹ, ó gbé fóònù.

“Reijo, ẹ̀ẹ̀kejì rèé,” ni ó wí. “Mi ò rí obìnrin náà, mi ò lè sọ pé ó burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè fi ajá sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ wo ló máa ráyè tìẹ? Màá pé àádọ́rin ọdún nínú oṣù Èbìbí. Tí mi ò bá rí i lọ́jọ́ náà, má dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mi mọ́.”

Tuula bẹ ìyá wọn, ó bẹ̀ ẹ́ títí dé oṣù Èbìbí. Ohun tí Aune ò mọ̀ ni pé Reijo ti sọ fún Colleen pé òun fẹ́ gbé e níyàwó. Colleen kò sọ pé rárá, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó sọ ni pé, “Jẹ́ kí ìyá rẹ rí mi ná. Tí wọ́n bá rí mi tán, tí mo bá sì ní kí o sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà, kí o sọ ọ́ lójú gbogbo wọn nídìí tábìlì.” Nítorí náà, ìrìn-àjò ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí kì í ṣe ti ọjọ́ ìbí nìkan. Bó bá fọ́, ìgbéyàwó ti fọ́ nìyẹn.

Ẹ wá wo bí Colleen ṣe ń múra ọ̀hún.

Ó wá alágbàtọ́ mìíràn, Màmá Bernice Oakes, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tó sanra tí kò bẹ̀rù eyín ológbò. Ó ní kí màmá wá sùn nílé òun lóru ọjọ́ kan fún ìdánwò, kí òun lọ sùn nílé Reijo. Ìdánwò náà lọ dáadáa, Colleen nìkan ló kùnà, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ló dìde láti lọ yọjú lójú fèrèsé ilé ara rẹ̀, títí Màmá Oakes fi ṣí fèrèsé tó ní kó lọ sùn. Ó kó gbogbo ewéko inú ilé lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ó kó òwú, ìlẹ̀kẹ̀ àti okùn bàtà pa mọ́ sókè. Ó lẹ bébà mọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ pé kí wọ́n wo inú rẹ̀ kí wọ́n tó tan án, nítorí ibẹ̀ ni Duchess ti ń sun oorun ọ̀sán. Ó gé kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, ó fún èèyàn mẹ́ta.

Èyí tó wá ká Reijo lára jù ni ti súwẹ́tà. Colleen ní ajá kì í sàárò olówó rẹ̀ tó bá ń gbọ́ òórùn rẹ̀ níbi tó ń sùn sí, ó sì yẹ kí òórùn náà le dáadáa. Ó bá wọ súwẹ́tà pupa kan ṣoṣo fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, kò bọ́ ọ, kò fọ̀ ọ́. Ó ń fi dáná, ó ń fi gbálẹ̀, ó ń fi sùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Reijo ti ń jókòó sí apá kejì àga.

“Ṣé èmi náà lè gbé aṣọ tèmi wá,” Reijo bi í, “àbí èmi ò ní òórùn?”

Ó ní òórùn igi ni tirẹ̀, yóò kàn da Murphy lọ́kàn rú.

Nígbà tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìwé ìtọ́ni ti pé ojú ewé mẹ́tàlá. Colleen gbé e lé Reijo lọ́wọ́, ó ní kó bá òun kà á bóyá ó yé ẹni tí kò mọ ilé náà. Reijo ń kà á pẹ̀lú ẹ̀rín abẹ́nu. Ó ka bí Murphy ṣe ń fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìka kan iwájú orí rẹ̀ kó tó jẹun. Ó ka ibi mẹ́rin tí Duchess máa ń sá pamọ́ sí. Ó dé ojú ewé kẹsàn-án, ẹ̀rín rẹ̀ sì dáwọ́ dúró.

Lẹ́tà sí dókítà àwọn ẹran ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé: *Tí ẹ kò bá rí mi bá sọ̀rọ̀, Denis Marchuk ni kí ẹ pè. Ohunkóhun tó bá sọ nípa Murphy tàbí Duchess, kí ẹ gbà pé èmi ni mo sọ ọ́.*

Denis Marchuk ni ọkọ tí Colleen ti kọ̀ sílẹ̀ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn.

Reijo gbé ìwé náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, “Kí ni orúkọ Denis ń wá níbí?”

“Ibẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ra Murphy.”

“Mo ṣe ọgbà rẹ. Mo bọ́ ẹ̀wù nítorí ológbò rẹ. Ọdún méjì ni mo fi wà nínú ilé yìí, mi ò tilẹ̀ lè jẹ wàràkàṣì. Nígbà tó wá kan ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè, Denis lo kọ.”

Colleen yí abọ́ ike kan ká lórí tábìlì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn ló mú kó burú.

“Lọ́jọ́ tí Murphy ṣubú nígbà Kérésì, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo pè ọ́.”

Reijo gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé náà.

“Ẹja lo ń pa lórí adágún tó ti dì di yìnyín. Fóònù rẹ wà nínú mọ́tò, ibẹ̀ náà ló sì máa ń wà. Murphy wúwo, mi ò lè dá a gbé. Mo pe Denis. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi dé, ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Nígbà tí ìwọ máa pè mí lálẹ́, ohun tí o kọ́kọ́ sọ ni pé ṣé mo tún fẹ́ dójú tì ọ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ.”

Òótọ́ ni. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Dípò kí Reijo dá ohùn sílẹ̀, ó gbé e sókè. Ó ní kí ló dé tí kò sọ fún òun láti oṣù márùn-ún. Colleen ní kí ni òun fẹ́ sọ, ṣé òun ni òun máa kọ́ ọ pé fóònù wà fún gbígbé ni. Reijo ní tí Denis bá dára tó bẹ́ẹ̀, kó mú Denis lọ sí Sault. Ẹyin lohùn. Bó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló mọ̀ pé ó ti fọ́. Ó mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó lọ sílé.

Kò rí oorun sùn dáadáa. Ó ń rò ó pé bóyá ìyá òun ló tọ̀nà, pé obìnrin yìí kò ní ráyè òun láéláé. Ó tún ń rò ó pé bóyá òun ni òun kò ráyè tirẹ̀. Ó pe Tuula. Tuula fetí sí i títí, ó sì bi í bóyá Colleen parọ́ nínú ohun tó sọ. Reijo ní rárá. Tuula ní ó dáa, kó lọ sùn, kó sì fi fóònù sí abẹ́ ìrọ̀rí, kó lè mọ bó ṣe máa ń rí.

Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Reijo dé ẹnu ọ̀nà Colleen. Kò mọ̀ bóyá ìrìn-àjò wà tàbí kò sí. Màmá Oakes ti wà nílé ìdáná pẹ̀lú báàgì rẹ̀, Murphy sì fi orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Colleen ti bọ́ súwẹ́tà, ó ti tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ajá. Ojú rẹ̀ wú.

Màmá Oakes ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi ìka lé ojú ewé kẹsàn-án. Colleen ti fi bírò pa orúkọ Denis rẹ́, kò sì sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ni ó wí, “ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì. Mi ò ní dúró ti aláìsàn tí kò ní ẹbí lórí ìwé. Ẹ kọ orúkọ kan síbí, àbí kí n máa lọ.”

Colleen na bírò sí Reijo. “Kọ tìẹ,” ni ó wí. “Ó ti tó bẹ́ẹ̀.”

Ohun tí Reijo fi gbogbo òru fẹ́ nìyí. Ó gba bírò náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ro ọ̀nà. Láti ìlú Marathon títí dé Wawa lójú ọ̀nà Sault, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, igi àti omi ló wà níbẹ̀. Níbi tí wọn ò bá ti rí Colleen, òun náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú mọ́tò kan náà, wọn ò ní rí òun náà. Orúkọ ẹni tó ń bá olówó ajá rìn kò wúlò fún ajá. Bí òun bá kọ ọ́, inú òun á dùn, ajá á sì kú síbi tí dókítà ti ń pe fóònù tí kò dún.

Ó bú èébú kan nínú ọkàn rẹ̀, èyí tí mi ò ní kọ síbí. Ó fa ìlà gba orí lẹ́tà tó kọ. Ó ní kí Colleen fún òun ní nọ́ńbà Denis.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ bi í bóyá ó wà nílé lópin ọ̀sẹ̀ yìí.”

Denis gbé fóònù kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Reijo sọ ẹni tí òun jẹ́, ó fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ náà, ó sì ní tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, kó pe òun, òun á gbé e. Denis ní kò burú, òun kò lọ síbì kankan. Reijo wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ọkùnrin náà sórí lẹ́tà, ó kọ ọ́ gàdàgbà, inú sì ń bí i bó ṣe ń kọ ọ́.

Colleen wọ bàtà rẹ̀. Ó dágbére fún Murphy, ó dágbére fún Duchess lábẹ́ ibùsùn, ó padà lọ dágbére fún Murphy. Wọ́n ti rin ọ̀nà wákàtí kan kó tó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé itan Reijo, kò sì gbé e kúrò títí wọ́n fi dúró ra epo.

Aune gbà wọ́n lálejò bí ẹni gba ẹrù tó pẹ́ lọ́nà. Ó wo Colleen látòkè délẹ̀, ó fún un ní kọfí àti búrẹ́dì. Ní àárọ̀ Sátidé, tí í ṣe ọjọ́ ìbí gan-an, ó fi ọ̀rọ̀ gún un, ó ní, “Àwọn ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n jí ire?” Ajá àti ológbò ló ń bú. Colleen kò tilẹ̀ mọ̀ pé èébú ni. Ojú rẹ̀ tàn, ó ní wọ́n jí ire, mà, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, Murphy ti jẹun, Duchess ti jáde lábẹ́ ibùsùn. Ó fi fọ́tò hàn án. Aune kò mọ ohun tó tún lè ṣe, ó wo fọ́tò náà, ó ní ológbò náà jọ ẹ̀gbọ́n òun tó ti kú, bí ìyẹn náà ṣe máa ń wo èèyàn láti òkè nìyẹn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Reijo tó wà nídìí omi tó ń fọ abọ́ kò mí títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n tẹ́ tábìlì. Àmọ́ nílé Lahtela, wọn kì í jẹ oúnjẹ ọdún láìwẹ ooru. Ilé pákó kékeré kan wà létí omi, tí wọ́n ti ń da omi sórí òkúta gbígbóná. Àwọn obìnrin ló ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, àwọn ọkùnrin a tẹ̀lé wọn, fóònù kì í wọ ibẹ̀, ọkùnrin kankan kì í sì í kan ilẹ̀kùn náà nígbà tí obìnrin bá wà nínú rẹ̀. Aune kì í pe àlejò wọ ilé ooru rẹ̀. Ìyàwó aládùúgbò tó ti bá a gbé fún ogún ọdún kò wọ̀ ọ́ rí. Ní ìrọ̀lẹ́ náà, ó gbé aṣọ ìnura kan jù sí Colleen, ó ní kó máa bọ̀.

Reijo rí i, ìdùnnú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàbá rẹ̀, ó ń tún ọ̀rọ̀ tó máa sọ nídìí tábìlì tò nínú ọkàn rẹ̀.

Fóònù dún nínú àpò àyà rẹ̀. Ó gbé e.

Denis ni. Ó ní Murphy ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta láti ọ̀sán, oògùn kò ràn án mọ́. Màmá Oakes pe òun, àwọn sì ti wà lọ́dọ̀ dókítà. Àwọn ti ń pe fóònù Colleen, kò gbé e. Dókítà ní ajá náà kò ní bọ́ nínú èyí, ó ń jìyà, ó ti tó kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ikú kó lè sinmi. Dókítà lè fi abẹ́rẹ́ mìíràn mú un dúró fún wákàtí kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Ìwé sọ pé mo lè ní kí wọ́n ṣe é,” ni Denis wí, “àmọ́ mi ò fẹ́ sọ ọ́ láìjẹ́ pé Colleen mọ̀.”

Eino bi ọmọ rẹ̀ pé ta ni. Reijo ní ibi iṣẹ́ ni.

Ó di irọ́ mú fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ka ọgọ́rùn-ún. Wákàtí kan. Kò sí bí àwọn obìnrin ò ní jáde láàárín ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n á jókòó sídìí tábìlì, òun á dìde, òun á sọ̀rọ̀, ìyá òun á gbọ́, gbogbo rẹ̀ á parí, òun á wá sọ ti ajá. Tí òun bá sọ ọ́ nísinsìnyí, obìnrin náà á wọ mọ́tò, ọ̀nà wákàtí mẹ́jọ, tábìlì á dúró bẹ́ẹ̀, ìyá òun á ní ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé ajá lásán ni. Ó sì mọ̀ pé bí Colleen bá fẹ́ òun lórí wákàtí kan tí òun jí, òun á máa rántí wákàtí náà títí ayé.

Ó dìde, ó rìn lọ sí etí omi, ó kan ilẹ̀kùn ilé ooru.

Nínú ilé, ìyá rẹ̀ béèrè ẹni tí orí rẹ̀ ti dà rú. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, Colleen yọ jáde nínú aṣọ ìnura, èéfín ooru ń jáde lára rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín. Reijo kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ó sọ ọ́ fún un bí Denis ṣe sọ ọ́, ó sì pe Denis padà, ó fi fóònù lé e lọ́wọ́.

Colleen gbọ́rọ̀ dókítà. Ó bi í ní ìbéèrè méjì péré, bóyá ó dájú, àti bóyá Murphy lè dúró de òun di ọ̀la. Ó gbọ́ èsì. Ó ní kí Denis gbé fóònù sétí Murphy. Ohun tó sọ fún ajá náà kò yé Reijo dáadáa, kò sì gbìyànjú láti gbọ́ ọ. Ó wá ní kí wọ́n máa ṣe é, kí Denis gbé orí rẹ̀ dání, kó fi ìka kan iwájú orí rẹ̀. Ó dúró lórí fóònù títí Denis fi sọ pé ó ti tán.

Reijo ní òun ń lọ gbé mọ́tò wá.

“Mọ́tò ṣe kí ni? Ó ti lọ.” Ó nu imú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ ìnura. “Nígbà wo ni wọ́n pè ọ́?”

“Nísinsìnyí.”

“O lè dúró kí a jẹun tán.”

“Mo rò ó,” ni Reijo wí. “Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ parọ́ fún bàbá mi.”

Omi ojú ń dà lójú Colleen, kò nù ún. Reijo rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán, ó kàn dúró síbẹ̀ lórí koríko.

“Tí a bá dé ìdí tábìlì,” Colleen wí, “sọ ọ́ fún wọn.”

Ohùn Aune jáde láti inú ilé ooru. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, pákó lásán ló wà láàárín wọn.

“Reijo, kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, o ń jẹ́ kí ooru jáde. Ìyàwó, wọlé. Ibi tó móoru ni kó o ti wá sunkún, màá da omi sí òkúta fún ẹ.”

Colleen wọlé. Ilẹ̀kùn tì.